Bẹ́ ẹ ṣe lè ra ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tòkunbọ̀ fún oko kékeré láì fowó ra irin tó ti kú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe oko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń wọlé bọ̀ báyìí ni fóònù mi máa ń dún ṣáá, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ pọ́ńdì ẹja, ẹni tó fẹ́ la ojú omi sí àkùrọ̀ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ éékà méjì, gbogbo wọn á ní àwọn rí kátápílà kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòkunbọ̀ ni, ó mọ́ rekete, ẹni tó fẹ́ tà á ń wá owó ní kíákíá ni, ṣé kí àwọn lọ sanwó? Èmi á kọ́kọ́ bi wọ́n pé báwo ni ihò tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ ṣe tóbi tó, irú ilẹ̀ wo ló sì wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ kì í lè dáhùn. Wọ́n ti wo fọ́tò ẹ̀rọ yẹn títí, wọn ò tíì fi dígà kan ilẹ̀ tara wọn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Kátápílà kékeré tí mo kọ́kọ́ rà, tó wọn bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, ẹ̀rọ yẹn ò burú o, àmọ́ ilẹ̀ yangí ni mo gbé e lọ, lápá Abẹ́òkúta. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kàn ń ha ojú ilẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò ni, bó bá sì fagbára mọ́ ọn, ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé sókè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, a ò tíì gbẹ́ ju fíìtì kan àti ààbọ̀ lọ, dísẹ̀lì sì ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

1. Ẹ wọn ihò yín, kẹ́ ẹ sì dán ilẹ̀ wò

Ẹ jẹ́ ká mú pọ́ńdì ẹja àrọ̀ kan, 40 fíìtì ní gígùn, 20 fíìtì ní fífẹ̀, 4 fíìtì ní jíjìn. Tẹ́ ẹ bá sọ 40 di ìlọ́po 20, tẹ́ ẹ tún sọ ohun tó bá jáde di ìlọ́po 4, 3,200 kúbíìkì fíìtì lẹ máa rí, ìyẹn bíi 90 kúbíìkì mítà. Lébìrà kan tó lágbára lè wa bíi kúbíìkì mítà méjì lójúmọ́ lórí ilẹ̀ tó rọ̀, tó bá jẹ́ ilẹ̀ líle ó lè má pé ẹyọ kan. Èèyàn mẹ́rin lórí ilẹ̀ rírọ̀ á lò tó ọjọ́ 11 tàbí 12. Kátápílà kékeré tọ́ọ̀nù mẹ́ta á lò bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, JCB, ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ńlá onítáyà, tó bá pé lára lábẹ́ operétọ̀ (ẹni tó ń wa ẹ̀rọ) tó mọṣẹ́, á ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá wú jáde máa ń fẹ̀ sí i o, 90 kúbíìkì mítà nínú ihò lè di 110 sí 120 tó bá dókè, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí kí ẹ̀rọ tó dé, torí ẹ̀rọ tó ń gbé ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, owó yín ló ń jó.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò mẹ́ta pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀kan lórí òkè ilẹ̀ yẹn, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀, kó jìn tó ibi tí iṣẹ́ yín máa jìn dé, kó tún fi fíìtì kan lé. Ẹ wo ohun tó ń jáde. Ilẹ̀ dúdú, iyanrìn, amọ̀, yangí, òkúta, tàbí omi? Tó bá jẹ́ ti pọ́ńdì, ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ fi omi pò ó, kẹ́ ẹ yí i bí okùn láàárín àtẹ́lẹwọ́ yín, bó bá dúró tí kò já, amọ̀ wà níbẹ̀, ó máa gba omi dúró. Ẹ tún da omi kún ihò náà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi páànù bò ó, kẹ́ ẹ lọ wò ó láàárọ̀. Mo ti rí ẹni tó gbẹ́ pọ́ńdì tó rẹwà lórí ilẹ̀ iyanrìn lápá Ẹ̀pẹ́, omi ò dúró rárá, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún ìyẹn ṣe.

Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Èkìtì, orí àpáta ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn jókòó lé, yangí àti òkúta lè wà ní fíìtì méjì péré sísàlẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, iyanrìn àti àkùrọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Òfin tí èmi ń lò ni pé bí dígà ọwọ́ bá ń ta padà lórí ilẹ̀ náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ronú kan ẹ̀rọ tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta.

2. Irinṣẹ́ wo ló bá ihò yẹn mu?

Kì í ṣe gbogbo ihò ló ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fẹ́ la gọ́tà 100 fíìtì tàbí tó fẹ́ ri òpó wáyà yí ọgbà ewúrẹ́ ká, irinṣẹ́ ọwọ́ tó dára tó o jàre, èyí tí wọ́n ti lò sì máa ń dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé parí, tó fẹ́ ta ṣọ́bìrì, dígà àti hẹ́ẹ̀dì páànù rẹ̀. Ẹ gbé ṣọ́bìrì náà sókè ní ọrùn rẹ̀, ẹ fi òkúta kékeré kan án lójú, bó bá dún gbọnrangandan ó ṣì wà pa pọ̀, bó bá dún bí igi tó jẹrà, ó ti sán níbì kan, ọrùn ibi tí igi ti wọ inú irin ló sì máa ń wà. Dígà, ihò ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, bó bá ti fẹ̀ jù tàbí tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ ló kúnú, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò tó ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọkọ́ àti dígà, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀ o, irin yẹn le ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun lọ. Dígà tó wà nílé mi báyìí, èmi ò mọ iye ọdún tó ti lò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kó tó dọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì tún ẹnu rẹ̀ rọ.

Fún ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀pẹ, auger wà, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ní irin tó lọ́ bí ìwo àgbò, tó ń lu ilẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí méjì, éékà kan máa gba bíi 670 ihò, ẹ lè fojú inú wo ẹ̀yìn lébìrà tó máa gbẹ́ ìyẹn. Èyí nìkan ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó ra tuntun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kékeré, bẹntiróò tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ ló ń mu, ẹni tó bá lò ó ní ọjọ́ kan péré láì po ọ́ìlì tó ti ha písítìnnì rẹ̀ nínú, ẹ ò sì ní rí i lóde. Tó bá wá jẹ́ pé tòkunbọ̀ lapá yín ká, ẹ fa okùn rẹ̀ láì tan án, ó gbọ́dọ̀ bá yín jà. Bó bá ń wá wọ́ọ́rọ́ bí okùn kànga, ẹ dá a padà. Ẹ tú ẹ̀gúsọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú, písítìnnì tó bá ní ìlà gígùn-gígùn lára ti bà jẹ́. Ẹ má sì lò ó níbi tí gbòǹgbò igi tàbí yangí bá wà, bó bá há lójijì ọwọ́ yín ló máa yí, ó lè dá èèyàn lọ́rùn ọwọ́.

Tó bá wá di iṣẹ́ pọ́ńdì àti ojú omi gidi, ọ̀nà méjì ló wà. Kátápílà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà, Kubota, Yanmar, Takeuchi, Komatsu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó wọn tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ń wa ilẹ̀ jìn dé bíi mítà méjì lé díẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ń dé bíi mítà mẹ́ta. Ó lè gba àárín igi kòkó kọjá láì dá ẹ̀ka, kì í sì í tètè rì nínú àkùrọ̀ torí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Ìkejì ni èyí tí gbogbo ayé ń pè ní JCB, ọwọ́ ìwalẹ̀ lẹ́yìn, ìkólẹ̀ níwájú, táyà mẹ́rin. Láti 1953 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe irú ẹ̀ ní Ìlú Ọba, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní 3CX ló wọ́pọ̀ jù, ó wọn bíi tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ó ń wa ilẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ó sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin títì dé oko láì sí pé ẹ háyà ọkọ̀ tó máa gbé e. Àmọ́ ẹ má gbé e wọ àkùrọ̀, mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ tí wọ́n máa fi fà á jáde á ju ọjọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́ lọ.

Tèmi rèé: ilẹ̀ líle, JCB. Ilẹ̀ omi tàbí àárín igi, kátápílà tọ́ọ̀nù mẹ́ta sókè. Èyí tí kò tó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, gọ́tà àti páìpù omi nìkan ló wà fún.

3. Ẹ ka ọjọ́ kẹ́ ẹ tó ka owó

Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ náà háyà lójúmọ́ lágbègbè yín, kẹ́ ẹ wò ó pé iye tí wọ́n ń tà á yìí, háyà ọjọ́ mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ká ní ó jẹ́ háyà ọgọ́rin ọjọ́. Tẹ́ ò bá ní lò ó ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lọ́dún, ọdún mẹ́wàá ni owó yẹn máa fi jókòó sínú irin, ẹ ò tíì ka dísẹ̀lì, owó operétọ̀, gíríìsì, họ́ọ̀sì tó ń bẹ́ lọ́jọ́ tí kò yẹ. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀rọ lé e lórí lójú ẹsẹ̀ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́, kò tíì pọ̀ jù rí, ó ti kéré jù rí. Ẹni tí kò bá ní lò ó tó ọjọ́ 15 lọ́dún, kó máa háyà.

Tàbí kẹ́ ẹ rà á pa pọ̀. Àgbẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, tí oko wọn sún mọ́ra, tí wọ́n jọ ń dá ẹ̀sùsú, ìyẹn dára púpọ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ta ló kọ́kọ́ máa lò ó lẹ́ẹ̀rùn? Bó bá bà jẹ́ lóko ẹnì kan, ṣé òun ni yóò tún un ṣe ni àbí gbogbo yín? Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́? Operétọ̀ kan ṣoṣo ni kó máa wà á, kì í ṣe ọmọ ẹni gbogbo. Mo ti rí ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn kan tó tú àwọn ọ̀rẹ́ tó ti wà pa pọ̀ ká, torí pé wọn ò kọ ìwé.

4. Ìwé rẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò

Kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀ lọ sí Èkó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò páànù kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí ránṣẹ́, kó sì ya ibi tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà yẹn sára irin rẹ̀ gan-an. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tí páànù náà bá dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, tàbí kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì ẹni tó kó o wọlé, kì í ṣe ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lálẹ́ àná.

Àwọn tó wá láti Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àmì onígun mẹ́ta CESAR lára, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti fi dá ẹ̀rọ tí olè jí mọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti ha irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò, ẹ ṣọ́ra o, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹbí lọ́hùn-ún ẹ ní kó bá yín wádìí nọ́ńbà náà. Èyí tó wá tààrà láti Japan, tí ìwé ara rẹ̀ jẹ́ èdè wọn, kì í ṣe pé ó burú, àmọ́ nọ́ńbà páàtì rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, torí náà ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì bóyá wọ́n ní tiẹ̀.

5. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ wò ó

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ojú olójú ò lè dà bí ojú ẹni, ẹ lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì tó mọ hàìdírọ́líìkì dání, ìyẹn agbára ọ́ìlì tó ń gbé ọwọ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe mẹkáníìkì mọ́tò Toyota. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un, kẹ́ ẹ san án kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kó má bàa sí ìdí tí ẹlòmíì á fi "ṣe é dáadáa" lẹ́yìn yín.

Ẹ dé láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ mú ìwé kan dání tẹ́ ẹ máa kọ gbogbo àléébù tẹ́ ẹ bá rí àti ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n sí. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá kí wọn tán ni pé kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ tutù. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun ti ń dúró dè mí látàná, mo gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná bí ìkòkò àmàlà. Mo ní "Ọ̀gá, kí ló dé tó fi gbóná?" Ó ní òun kàn fẹ́ kó má bàa pẹ́ mi ni. Mo jókòó sábẹ́ igi títí ó fi tutù, ó tó wákàtí mẹ́ta. Nígbà tá a wá ṣíná sí i, kò dáhùn, ó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án kó tó jí, èéfín tó tú jáde sì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tó ti rẹ̀, òwúrọ̀ tútù ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ wo èéfín. Dúdú díẹ̀ nígbà tó bá ń gbé nǹkan wúwo, ìyẹn ò burú, àmọ́ dúdú tí kò dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ò wọlé tó tàbí ínjẹ́tọ̀ ti bà jẹ́. Èyí tó rí bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó ń bá a lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, ó lè jẹ́ omi ló ń wọnú sílíńdà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ gbé e dẹ́gbẹ́ lé e: bí atẹ́gùn bá ń ti ìdérí náà sókè tí èéfín ń tú, ríìǹgì inú rẹ̀ ti jẹ. Ọ́ìlì tó bá rí bíi mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ̀. Rédíétọ̀, ìgbà tó tutù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí i o.

Ó wá kan hàìdírọ́líìkì, ibẹ̀ gan-an lowó wà. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ wo gíláàsì rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, bó bá ń rùn bí èyí tó jóná, páǹpù ti ṣiṣẹ́ nínú ìyà. Ẹ wo àwọn ọ̀pá irin dídán tó ń wọlé tó ń jáde, ẹ fi èékánná yín wọ́ ọ lójú, ibi tí èékánná bá ti kọ́ ni yóò máa ya sílì tuntun, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí operétọ̀ gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún ilẹ̀, kó pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé lára ọ̀pá tàbí ògiri tó wà nítòsí, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá sọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, mo lè fojú fò ó. Bó bá sọ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, sílì ni tàbí fáàfù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Píìnì àti búùṣì, ìyẹn gbogbo oríkèé tí ọwọ́ náà fi ń ṣẹ́, ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ilẹ̀ díẹ̀, ẹ fi irin gígùn gbé e sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ró kọ́lọ́-kọ́lọ́, ó ti jẹ, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sá, àwọn tó ń lo lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin gé, lè gé búùṣì tuntun. Èyí tẹ́ ẹ máa sá fún ni òrùka irin ńlá tí ilé kátápílà fi ń yí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní slew ring. Kí operétọ̀ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ títí iwájú ẹ̀rọ fi gbé sókè díẹ̀, kó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yin ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókèèrè díẹ̀, kẹ́ ẹ wo àárín ilé àti ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fojú rí àlàfo tó ń ṣí tó ń pa dé, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ sílé. Òrùka yẹn nìkan pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀ lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ ra gbogbo ẹ̀rọ.

Ẹsẹ̀ rọ́bà: wáyà irin ò gbọ́dọ̀ yọ jáde láti inú rẹ̀. Eyín irin tó ń fa rọ́bà, bó bá ti mú ṣóńṣó tó sì tẹ̀ bí èékánná àwòdì, ó ti tán. Ẹ jẹ́ kó rìn tààrà ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, lọ síwájú, padà sẹ́yìn, láì tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tó bá ń ya síbì kan, mọ́tò ẹsẹ̀ kan ti rẹ̀ ju èkejì. Tó bá jẹ́ JCB, ẹ dán gíà rẹ̀ wò síwájú sẹ́yìn nígbà tó bá ti gbóná, ẹ wo ìdí ọwọ́ ẹ̀yìn níbi tó ti so mọ́ ara ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló tètè máa ń sán, ẹ wá ojú ibi tí wẹ́dà ti ṣiṣẹ́. Ọ̀dà tuntun máa ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀dà lórí họ́ọ̀sì, lórí rọ́bà wíńdò, lórí gíríìsì pàápàá, ẹni tó kùn ún ò ronú ẹwà nìkan.

Míítà wákàtí ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ déédéé lè ní bíi wákàtí 1,000 lọ́dún. Èyí tó ti lo ọdún 15 tí míítà rẹ̀ ń sọ 1,800, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́ tó bá jẹ́ ọgbà ẹnì kan ló ti wá, àmọ́ ẹ wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹ wo àga, ẹ wo orí lífà. Bí gbogbo ìyẹn bá ti dán tí wọ́n ti fàya, míítà ni wọ́n pààrọ̀.

Paríparí rẹ̀, kó wa ilẹ̀. Ilẹ̀ gidi, wákàtí kan gbáko, ẹ bá wọn ra dísẹ̀lì rẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Gbígbé ọwọ́ sókè sódò nínú afẹ́fẹ́ ò fi nǹkan kan hàn. Páǹpù tó ti rẹ̀ lè lágbára dáadáa nígbà tí ọ́ìlì tutù, kó wá di pé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú ó ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹni tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ rẹ̀ wa ilẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

6. Owó, páàtì, àti bó ṣe máa dé oko

Ìwé tẹ́ ẹ kọ àléébù sí yẹn, òun lẹ máa fi dúnàádúrà. Ẹ gbé e lọ sí ọjà páàtì, Owódé Onírin l'Ékòó tàbí Arárọ̀mí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ bèèrè iye ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó iṣẹ́, kẹ́ ẹ padà wá yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé e. Ẹni tó ń tà á máa ní kékeré ni gbogbo ìyẹn. Ẹ ní tó bá jẹ́ kékeré, kó ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ má fi àsansílẹ̀ lélẹ̀ fún ẹ̀rọ tẹ́ ò tíì fojú rí, kódà kí wọ́n ní ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́la. Àkáǹtì tẹ́ ẹ máa sanwó sí, orúkọ ara rẹ̀ ni kó wà lórí rìsíìtì.

Kátápílà tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lè gbé e, èyí tó bá tó tọ́ọ̀nù márùn-ún, lóbẹ́ẹ̀dì ni, ọkọ̀ gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ rin ọ̀nà oko yín ṣáájú, kẹ́ ẹ wo afárá pákó tó wà níbẹ̀, ẹ ka ìwọ̀n ẹ̀rọ mọ́ ìwọ̀n ọkọ̀ tó gbé e. Ẹ jẹ́ kó dé láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì le lábẹ́ táyà.

7. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má gbọ́ tẹni tó sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fílítà rẹ̀, fílítà dísẹ̀lì, fílítà afẹ́fẹ́, fílítà hàìdírọ́líìkì. Ẹ gé fílítà ọ́ìlì àtijọ́ yẹn, ẹ tú bébà inú rẹ̀ sí oòrùn, bẹ́ ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú ẹ̀ ẹ pe mẹkáníìkì kíákíá. Dísẹ̀lì, ẹ máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ silẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kó tó wọ táǹkì. Gíríìsì ní gbogbo oríkèé láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó rọrùn tó èyí, kò sì sí ohun tí àwọn operétọ̀ ń fò tó o. Èmi fúnra mi ni mo máa ń dúró tì wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ihò tó bá ti ju fíìtì mẹ́rin lọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dúró ṣánṣán, pàápàá lórí iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí operétọ̀ dà á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣáájú. Lálẹ́, ẹ yọ bátìrì gbé wọlé.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ àti lítà dísẹ̀lì tó mu sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ẹ tún gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún, ẹ pa á, ẹ sàmì ṣọ́ọ̀kì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi wé èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ rà á. Bó bá ti ń yára sọ̀ jù ti ìgbà yẹn, ẹ pe ẹni tó ń pààrọ̀ sílì kí òjò tó dé, torí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ò ní lè wọ oko yín mọ́.